Ásíìdì, Béèsì àti Iyọ̀: Ìbéèrè Tí Wọ́n Ń Bi Mí Jù ní Lẹ́ẹ̀sìn Ẹ̀bútè-Mẹ́ta

Ìyá tó bí màmá mi ta ògì ní ọjà Òyìngbò títí ó fi darúgbó. Màmá mi ní tirẹ̀ ń se ọṣẹ. Kò sí èyí tó ka kẹ́mísírì nínú wọn, ṣùgbọ́n ásíìdì ni ọ̀kan fi ṣòwò, béèsì ni èkejì fi tọ́ wa. Èmi ni mo wá di tíṣà kẹ́mísírì. Àwọn ọmọ SS1 sí SS3 ni mò ń kọ́ nírọ̀lẹ́ ní Ẹ̀bútè-Mẹ́ta. Àwọn ló bi mí ní ọ̀pọ̀ ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí, àwọn ìyá wọn bi mí ní díẹ̀, ríwáyà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tiwa bi mí ní ẹyọ kan. Bí wọ́n ṣe bi í ni mo ṣe kọ ọ́.

Àǹtí, ṣé omi bátìrì tí wọ́n ń dà sí èèyàn lára kọ́ ni wọ́n ń pè ní ásíìdì?

Òun náà ni, ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo ni nínú agbo ilé ńlá. Ásíìdì súfúríìkì, H₂SO₄, tí wọ́n ti pò mọ́ omi ló wà nínú bátìrì mọ́tò. Nínú kílò mẹ́ta omi náà, ásíìdì kó nǹkan bíi kílò kan. Ásíìdì sítíríìkì ló wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́, láátíìkì ló wà nínú ògì, ẹtanóìkì ló wà nínú ọtí kíkan (fínígà). Inú ikùn ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí, ásíìdì háídírókílóríìkì, HCl, wà níbẹ̀ báyìí, ó ń bá oúnjẹ ọ̀sán yín jà. Ìwà àwọn ìkà ló ba orúkọ náà jẹ́ ní Èkó. Tí mo bá ní kí wọ́n gbé ásíìdì wá ní kíláàsì, ojú ilẹ̀kùn ni ọmọ tuntun máa ń kọ́kọ́ wò.

Kí ló wá pa gbogbo wọn pọ̀?

Ahọ́n ti mọ̀ ọ́n tipẹ́: gbogbo wọn ló kan. Kíkan ọsàn, kíkan ògì, kíkan ọtí, ibì kan náà ni wọ́n ti wá, ìyẹn háídírójìn.

Ní 1884 ni Svante Arrhenius, ọmọ Sweden, gbé iṣẹ́ oyè dókítà rẹ̀ síwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní Uppsala. Ó ní ohun kan lè wọ inú omi kó sì túká sí wóró-wóró tó ní iná lára. Áyọ́nù là ń pe wóró náà. Ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ wọ́n létí, máàkì tí wọ́n fún un sì kéré débi pé díẹ̀ ló kù kó pàdánù. Ní 1903, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Ọmọ tó bá gba D7 tó ń sunkún ni mo máa ń sọ ìtàn yìí fún.

Lójú Arrhenius, ásíìdì ni ohun tó bá dé inú omi tó tú áyọ́nù háídírójìn, H⁺, sílẹ̀. Béèsì tó bá yọ́ nínú omi ń tú áyọ́nù háídírókísáìdì, OH⁻, sílẹ̀ ní tirẹ̀. Ìyẹn tó fún SS1. Tí ẹ bá dé SS2, wọ́n á fi ti Brønsted àti Lowry kún un, ti 1923: ásíìdì ló ń ju H⁺, béèsì ló ń hán an.

Béèsì àti alikáálì, ṣé nǹkan kan náà ni?

Béèsì ni ohun tó ń pa oró ásíìdì. Ókísáìdì àti háídírókísáìdì àwọn mẹ́tàlì ló pọ̀ jù nínú wọn. Èyí tó bá yọ́ nínú omi lára wọn ni alikáálì. Kọ́pà ókísáìdì, CuO, tó dúdú kò yọ́ nínú omi, kì í ṣe alikáálì, ṣùgbọ́n béèsì ni. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń sọ máàkì nù.

Ní ilé wa, èèpo kókó ni màmá mi máa ń sun. Á da eérú rẹ̀ sínú ìkòkò tó lu ihò sí nídìí, á bu omi lé e lórí, èyí tó bá kán sísàlẹ̀ á máa yọ̀ bí ilá lọ́wọ́. Ohun tó pọ̀ jù nínú omi náà ni pòtáṣíọ̀mù kábónéètì. Ó ń yọ̀ nítorí pé ó ń sọ ọ̀rá ara yín di ọṣẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin gan-an lẹ ń di ọṣẹ níbẹ̀, ẹ tètè fọ ọwọ́. Pòtáṣíọ̀mù yìí náà ló ń jẹ́ kí ọṣẹ dúdú rọ̀. Ọṣẹ gbọọrọ tó le, sódíọ̀mù ló wà nínú rẹ̀: kọ́sítíìkì sódà, NaOH, ni wọ́n pò mọ́ àdín tàbí epo.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń se ọṣẹ nílé: ẹ má ṣe rọ kọ́sítíìkì sínú ike omi tàbí ìgò mínírà láé. Omi lásán ló jọ lójú ọmọdé. Ó máa ń jó ọ̀nà ọ̀fun, tí ojú ọgbẹ́ bá sì jinná, ọ̀nà náà lè fún débi pé ẹ̀kọ kò ní lè gba ibẹ̀ kọjá. Tí ọmọ bá ṣèèṣì mu ún, ẹ má fún un lépo pupa, ẹ má fipá mú un bì í, nítorí á tún jó o nígbà tó bá ń padà bọ̀. Ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀.

Ṣé a lè fi ahọ́n dá wọn mọ̀ nínú láàbù?

Rárá. Ahọ́n fún ilé ìdáná.

Ilé ìwé wa kò ní pépà lítímọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń dá ásíìdì àti béèsì mọ̀. Kí la lè lò?

Zobo. Mi ò ṣeré. Ẹ ra ìṣápá pupa gbígbẹ lọ́jà, ẹ sè é láìfi ṣúgà, ata ilẹ̀ tàbí ọ̀pẹ̀ òyìnbó sí i, ẹ sẹ́ ẹ, kó tutù. Ẹ bù ú sínú ife onígíláàsì mẹ́ta. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọ̀kan, àwọ̀ rẹ̀ á tún pọ́n sí i. Ẹ fi ìkejì sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ yọ́ káún sínú omi, kí ẹ máa kán an díẹ̀díẹ̀ sínú ìkẹta: pupa náà á ṣá, á dúdú bí ẹní ń lọ sí búlúù, lẹ́yìn náà á di àwọ̀ ewé. Kíláàsì mi máa ń pariwo níbí yìí, kódà àwọn tó ti rí i rí.

Ẹ má tíì dà á nù. Ẹ wá máa kán ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ìkẹta yìí. Á hó, á yọ ìfófòó, pupa á sì padà. Kábọ́nù dáyókísáìdì ló ń jáde nínú híhó yẹn, nítorí gbogbo ìgbà tí ásíìdì bá pàdé kábónéètì ni ó máa ń tú u sílẹ̀, pẹ̀lú iyọ̀ àti omi. Ẹ fi ìkarahun ìgbín sínú ọtí kíkan, ẹ óò rí ohun kan náà.

Lítímọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí zobo, ara ohun kan tó ń hù mọ́ òkúta àti èèpo igi ni wọ́n ti ń rí àwọ̀ rẹ̀. Ásíìdì ń sọ èyí tó jẹ́ búlúù di pupa, béèsì ń sọ èyí tó pupa di búlúù.

Kí ló dé tí pH kékeré fi jẹ́ ti ásíìdì tó mú? Ṣebí nọ́ńbà ńlá ló yẹ kó jẹ́ tirẹ̀?

pH ni òṣùwọ̀n tó ń sọ bí H⁺ ṣe pọ̀ tó nínú omi. Sørensen, ọmọ Denmark, ló gbé e kalẹ̀ ní 1909, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù àwọn tó ń pọn bíà Carlsberg ní Copenhagen. Ó sú u láti máa kọ 0.0001 àti 0.0000001 káàkiri ìwé, ó wá ní òun á kàn máa ka iye ìgbà tí òun fi mẹ́wàá pín 1. Tí H⁺ bá jẹ́ 0.01 mol nínú lítà kan (mol la fi ń ka wóró), ẹ̀ẹ̀mejì lẹ fi mẹ́wàá pín 1: pH 2. Tó bá jẹ́ 0.001, ẹ̀ẹ̀mẹta: pH 3. Bí pípín ṣe ń pọ̀ sí i ni H⁺ ń kéré sí i. Nítorí náà, pH 3 kò fi díẹ̀ yàtọ̀ sí pH 2. Ìdá mẹ́wàá rẹ̀ ló jẹ́.

Omi ọsàn wẹ́wẹ́ wà ní nǹkan bíi 2, ọtí kíkan ní nǹkan bíi 3. Omi tí kò ní àbùlà jẹ́ 7. Ẹ̀jẹ̀ wa kì í kúrò láàárín 7.35 sí 7.45 tí ara bá le. Ọṣẹ ń lọ sí 9 tàbí 10, Hypo àti Jik sì kọjá 11.

Tíṣà wa ní "ásíìdì tó le" yàtọ̀ sí "ásíìdì tó ki". Kò yé mi rárá.

Ìyá-ìyá mi ló máa kọ́ yín ní èyí. Oníbàárà á dé ìsọ̀ rẹ̀, á ní, "Ìyá, ògì yín kò ki." Òmíràn á ní, "Ìyá, ògì yín ti kan jù." Kò fìgbà kan ṣi ẹ̀sùn méjèèjì mú fún ara wọn. Tí kò bá ki, omi ló pọ̀ nínú rẹ̀. Tó bá kan jù, ohun tó wà nínú ògì fúnra rẹ̀ ni, ẹ̀bù omi kò lè sọ ọ́ di ògì tuntun. Ọ̀rọ̀ ásíìdì náà nìyẹn. Kíki jẹ́ ọ̀rọ̀ iye omi tó wà níbẹ̀. Líle jẹ́ ìwà ásíìdì náà fúnra rẹ̀.

Ìwà wo? Ẹ jẹ́ ká wọ dáńfó. Gbogbo èrò tó wọ dáńfó HCl ló ń bọ́ sílẹ̀ ní Òbáléńdé, kò ní ku ẹyọ kan nínú ọkọ̀. Èrò tó bọ́ sílẹ̀ ni H⁺. Ásíìdì tó le nìyẹn. Ti ẹtanóìkì ńkọ́? Nínú ọgọ́rùn-ún èrò, ẹnì kan péré ló bọ́ọ́lẹ̀, àwọn yòókù jókòó wọn jẹ́ẹ́. Ìyẹn ni ásíìdì tí kò le. Iye dáńfó tó wà lójú títì ni kíki.

Ẹ wá ṣọ́ra: HCl tí omi pọ̀ nínú rẹ̀ ṣì jẹ́ ásíìdì tó le, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ lè fọwọ́ kàn án kó má jó yín. Ẹtanóìkì tó ki gan-an lè bó yín lára, síbẹ̀ kò le. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò, kí ẹ má sì jẹ́ kí ìbẹ̀rù yí ìdáhùn yín padà.

Ṣé iyọ̀ ọbẹ̀ nìkan ni iyọ̀?

Tí ásíìdì bá pàdánù háídírójìn rẹ̀, tí mẹ́tàlì tàbí amóníọ̀mù gba ipò rẹ̀, iyọ̀ ló dà. NaCl inú ọbẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Kọ́pà súféètì, CuSO₄, búlúù inú láàbù jẹ́ ọ̀kan. Álọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi sómi kànga kí ìdọ̀tí lè rọ̀ sísàlẹ̀ jẹ́ iyọ̀ oníbejì, pòtáṣíọ̀mù àti alumíníọ̀mù ló jọ ń gbé inú rẹ̀. Ìkarahun ìgbín, iyọ̀. Ọṣẹ tí màmá mi ń sè náà, iyọ̀ ni, ẹni tó bá fẹ́ lè fi ahọ́n kàn án kó wá sọ fún mi bó ṣe rí.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti rí i ni kí ásíìdì pàdé béèsì: iyọ̀ àti omi ló ń jáde. Mo máa ń rẹ́rìn-ín pé ohun tó ń yọ̀ lọ́wọ́ ni béèsì, tí ásíìdì bá sì fọwọ́ kàn án, iyọ̀ ló kù.

Ẹ ní káún ń ṣiṣẹ́ béèsì, ìwé mi ní iyọ̀ ni. Èwo ni ká gbà?

Méjèèjì, ọmọ yìí sì káre. Sódíọ̀mù kábónéètì àti sódíọ̀mù báíkábónéètì ló so pọ̀ tó di káún, iyọ̀ sì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n iyọ̀ dà bí ọmọ, òbí tó lágbára ló máa ń jọ. NaOH tó le ni òbí kan fún káún, ásíìdì kábóníìkì tí kò le ni òbí kejì. Tí káún bá wọ omi, kábónéètì inú rẹ̀ á já H⁺ gbà lọ́wọ́ omi, OH⁻ á ṣẹ́ kù, omi náà á sì di ti béèsì. Ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ́ kí ewédú yọ̀ dáadáa, tó sì ń jẹ́ kí ẹ̀wà tètè rọ̀. Ó tún ń pa fítámì B1 inú ẹ̀wà, nítorí náà ẹ má kó o sí i bí ẹní ń kó yẹpẹ̀.

Amóníọ̀mù kílóráìdì, NH₄Cl, jọ òbí tó jẹ́ ásíìdì. NaCl ní òbí méjì tó le bákan náà, kò wá jọ ẹnì kankan.

Kí ló dé tí iyọ̀ wa máa ń tutù lásìkò òjò?

Òun kọ́ ló ń tutù, afẹ́fẹ́ Èkó ló ń mu. Máńnísíọ̀mù kílóráìdì díẹ̀ sábà máa ń wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀, ó sì fẹ́ràn omi ju bí ẹja ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Tí òjò bá ti wọlé, tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà náà kún un, iyọ̀ á rin. Ẹ da ìrẹsì gbígbẹ tí ẹ kò tíì sè díẹ̀ sínú agolo rẹ̀, kí ẹ dé e pinpin. NaOH inú láàbù burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ gbé hóró rẹ̀ kan sílẹ̀, ẹ padà wá, ẹ ó bá omi.

Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun yìí kan náà ló ń jẹ páànù àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó.

Rìláksà tí wọ́n kọ "No Lye" sí, ṣé kò ní béèsì?

Ó ní. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kò ní NaOH. Kálíṣíọ̀mù háídírókísáìdì ló sábà wà nínú rẹ̀ dípò, wọ́n á ní kí ẹ fi omi inú ìgò kékeré kan pò ó, àwọn méjèèjì á wá jọ bí béèsì mìíràn tó le. pH irú èyíkéyìí nínú wọn kì í sábà wá sísàlẹ̀ 12. Béèsì yẹn ló ń já okùn inú irun wa kó tó lè nà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má họ orí lọ́jọ́ tí ẹ máa ṣe é. Tó bá ti ń ta yín, ẹ sọ fún onídìrí kó fọ̀ ọ́ kúrò, ẹ má fara dà á nítorí kí ó lè "jinná dáadáa". Ṣáḿpù tí wọ́n ń fi fọ̀ ọ́ gbẹ̀yìn ní ásíìdì díẹ̀ nínú. Ẹ̀yin ọmọ SS1, ẹ ti mọ ìdí rẹ̀.

Mo da Hypo àti oògùn fífọ ṣáláńgá papọ̀ kó lè mọ́ dáadáa, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú.

Ìyá ọmọ kíláàsì mi kan ló sọ èyí, ohùn rẹ̀ ṣì há. Ọ̀pọ̀ oògùn fífọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n fi HCl ṣe. Tó bá pàdé bílíìsì, gáàsì kílórínì ló ń tú jáde. Gáàsì yẹn ni wọ́n fi pa sójà nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa kéré, fèrèsé rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ibo ni ẹ fẹ́ kó gbà? Ẹ lo ọ̀kan, ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án, ó dìgbà mìíràn kí ẹ tó lo èkejì. Tó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ jáde síta, ẹ má dúró tún ibẹ̀ ṣe.

Tíṣà, omi bátìrì ti lọ sílẹ̀. Ṣé ásíìdì ni kí n fi kún un?

Ríwáyà ló bi mí. Rárá o, dísítíìlì wọ́tà ni. Omi ló ń gbẹ kúrò nínú bátìrì, ásíìdì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Tí ẹ bá fi ásíìdì kún un, á ki jù, á sì jẹ irin inú rẹ̀.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń po ásíìdì tuntun: ásíìdì ló ń lọ bá omi, omi kì í lọ bá ásíìdì. H₂SO₄ tó ki máa ń gbóná gan-an tó bá pàdé omi. Tí ẹ bá da omi lé e lórí, omi náà á hó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, á ta ásíìdì síni lójú. Ọmọ kíláàsì mi kan ní ìyàwó ni ásíìdì, ilé ọkọ ló ń lọ. Mi ò fẹ́ràn àpèjúwe náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbàgbé rẹ̀ mọ́.

Tó bá ta síni lára, ẹ bọ́ aṣọ ibẹ̀, kí ẹ máa da omi tó ń ṣàn sí i, ó kéré tán fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ tó máa lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má fi káún pa á, ooru tó máa ti ibẹ̀ jáde á tún dá ọgbẹ́ mìíràn. Ẹ má fi ẹyin, epo tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i.

Kí lẹ máa ń sọ fún wa lálẹ́ ọjọ́ práktíkà WAEC?

Pé kí ẹ sùn. Lẹ́yìn ìyẹn: ásíìdì ni kí ẹ fi ṣan bùrẹ́ẹ̀tì (ọ̀pá gíláàsì tí a fi ń kán ásíìdì), béèsì ni kí ẹ fi ṣan pìpẹ́ẹ̀tì (èyí tí a fi ń fa béèsì), ṣùgbọ́n omi nìkan ni kí ẹ fi ṣan fúláásìkì (ìgò tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé). Ẹni tó bá fi béèsì ṣan fúláásìkì ti fi kún béèsì rẹ̀ láìmọ̀. Ẹ yọ fọ́nẹ̀ẹ̀lì kúrò lórí bùrẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kà á. Ẹ má fẹ́ ẹ̀kán tó kù lẹ́nu pìpẹ́ẹ̀tì. Tí rọ́bà ìfami bá wà, òun ni kí ẹ lò. Ẹlẹgbẹ́ mi kan fẹnu fa NaOH mì nígbà tí a wà ní SS3, ọjọ́ mélòó kan ni kò fi lè jẹ ata.

Tí ẹ bá ń kọ iye tí ẹ kà lára bùrẹ́ẹ̀tì, 24.5 kò tó, 24.50 ni. Àwọn èyí tí ẹ máa rópọ̀ pín kò gbọ́dọ̀ fi ju 0.20 yàtọ̀ síra wọn. Àwọn omi aláwọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ bíi zobo wa ńkọ́? Methyl orange jẹ́ yẹ́lò nínú béèsì, òun ni kí ẹ lò tí ásíìdì bá le tí béèsì kò le. Tó bá jẹ́ ìdàkejì rẹ̀, phenolphthalein ni, tó máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú nínú béèsì tí kì í sì ní àwọ̀ nínú ásíìdì.

Ìṣirò gan-an kò le, ẹ kàn má gbàgbé iye H⁺. Ká ní 20.00 cm³ H₂SO₄ tó jẹ́ 0.10 mol/dm³ (mol nínú lítà kan) ló pa oró 25.00 cm³ NaOH. H₂SO₄ kan ń gbé H⁺ méjì wá, nítorí náà NaOH méjì ló ń tán fún un. 0.10 lọ́nà 20.00 lọ́nà 2, kí ẹ fi 25.00 pín in: 0.16 mol/dm³. Ẹni tó gbàgbé 2 yẹn á kọ 0.08. Ọdọọdún ni mo ń rí 0.08.

Àǹtí, ṣé a lè mu zobo tí a fi ṣe ìdánwò yẹn?

Èyí tí ẹ fi káún sí, ẹ dà á nù. Èyí tó kù nínú ìkòkò, ẹ fi ata ilẹ̀ sí i, kí ẹ bu tèmi sọ́tọ̀.